Ẹni Tí Fèrèsé Kò Fi Hàn

Ìwé ìrìnnà mẹ́ta péré ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí Alága ṣí i ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ti ọmọ Gánà kan, ti ọmọ Lìbéríà kan, àti tèmi. Mọ́kànlá yòókù ti lọ. Ti àwọn ọmọ òyìnbó ni gbogbo wọn.

Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun kí wọ́n tó tú àpò mi. Nínú àwa mẹ́rìnlá, tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ tú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì tú u. Lẹ́yìn náà ni Alága, Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí, ní kí n ká ẹní mi kúrò ní yàrá àwọn obìnrin. Yàrá ìkẹ́rùsí ni mo sùn, láàárín àpò sìmẹ́ǹtì méje tó ti le gbagidi; Alága ti tì mí mọ́bẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ihò kan wà lára páànù, ẹsẹ̀ òsì mi ni òjò ń kán sí.

Oṣù Ọ̀gọ́sì ọdún 1987 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ọmọ Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ìbídùnní ni orúkọ mi. Ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mú mi wá sí Nàìjíríà láti fi ọdún kan kàwé ní Àbújá. Kí wọ́n tó pín wa fún àwọn ìdílé tí a máa gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kó wa sí àgọ́ kan lẹ́bàá Idu fún ọjọ́ mẹ́wàá, nínú ilé pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la títì fi sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé ní ìlú yìí. Ọjọ́ kẹfà ni olè jà.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Alága wá bá mi níbi àpò sìmẹ́ǹtì.

"Ọkọ̀ á gbé ọ lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Tí o bá sọ ibi tí wọ́n wà kó tó dìgbà náà, bóyá mi ò ní fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà, sà."

"Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé rẹ. Ó ti lọ láàárọ̀ yìí. Mo sọ ohun tí o jẹ́ fún un."

Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ yẹn náà ni ìjọba Nàìjíríà lé bàbá mi gbà ní oṣù Jánúárì ọdún 1983, nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ délé pé olè ni. Tí tèmi bá dé Kétu, tí èmi náà sì tẹ̀lé e dé, kò sí ilé ìwé tó máa gbà mí mọ́.

*

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà òjò, ó gbé báàgì kan tí sípì rẹ̀ ti bàjẹ́ há abíyá. Insipẹ́kítọ̀ Rísíkàt Láníyì ni wọ́n pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo gbọ́ tó ń sọ Yorùbá, mo rò pé ara á tù mí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó mú sàlúbàtà mi jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí àpò sìmẹ́ǹtì kan.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣúmẹ́kà ará Ìlọrin tó ń jókòó lẹ́nu géètì yín ni mo ti gbà á. Wọ́n ní o fún un ní nǹkan tí o fi bébà wé lọ́sàn-án àná."

"Bàtà náà ni, mà. Ó já."

"Mo ti rí i. Mo ní kí wọ́n tú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀."

Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya á láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Bàtà kan ṣoṣo tí mo mú ti ilé wá nìyẹn. Kò sọ pé kí n má bínú.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lánàá?"

"Èmi ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yan ẹnì kan nínú wa ṣe olórí ọjọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé orúkọ wà, nítorí náà olórí ọjọ́ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Alága fúnra wọn ṣí i ní aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n ka ìwé ìrìnnà náà, mẹ́rìnlá ló pé. Wọ́n tì í, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi."

"Ìgbà wo lo gbé e sílẹ̀?"

"Aago mẹ́rin. Agogo ìlọ sí pápá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Mo mú un lọ fún Mètírọ́ọ̀nù tó ń tọ́jú wa, ní ọ́fíìsì wọn."

"Mètírọ́ọ̀nù ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú lo mú un wá, ní yàrá ìjẹun."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí lo ṣe ní ọ́fíìsì?"

"Mo kí wọn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì. Wọ́n bá mi wí pé mo pẹ́. Wọ́n bá mi wí títí. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, mo lọ."

"Ta ló rí ọ?"

"Gbogbo ènìyàn ti lọ sí pápá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò wojú mi. "Kí ló dé tí olè fi tìrẹ sílẹ̀? Alága ní nítorí pé ìwọ ni olè."

"Tó bá jẹ́ èmi ni, màá mú tèmi mọ́ ọn, kí wọ́n má baà fura sí mi."

Ó gbé orí sókè. "O ti rò ó dáadáa."

"Gbogbo òru ni mo fi rò ó, mà."

"Ẹni tó jalè náà, gbogbo òru ló fi ń rò ó," ó wí, ó sì ti ìwé rẹ̀ dé.

*

Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí ọ́fíìsì. Màmá Bámiṣayọ̀, Mètírọ́ọ̀nù wa, jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Alága dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Mo dìde fúnra mi, mo fara ti férémù ilẹ̀kùn.

"Insipẹ́kítọ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú jẹ́jẹ́ yẹn tàn yín," Mètírọ́ọ̀nù wí. "Ẹnubodè ni wọ́n bí i sí. Fàyàwọ́ ni wọ́n fi tọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń kó ìrẹsì wọlé lórí kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń kó ohun olóhun jáde."

"Ó ní òun wá síbí ní aago mẹ́rin."

"Irọ́ ni. Èmi nìkan ló wà níbí láti aago mẹ́rin sí márùn-ún, mò ń kọ orúkọ àwọn ìdílé tó máa gba àwọn ọmọ."

"Ẹ ní ẹlẹ́rìí?"

"Mo ní. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù yẹn, Luc, gba ojú fèrèsé yìí kọjá nígbà tí agogo lù. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi. Ẹ bi í léèrè bóyá ó rí ẹnì kankan lọ́dọ̀ mi."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Mo mọ Luc. Kì í purọ́, kódà nígbà tí irọ́ ì bá ràn án lọ́wọ́.

*

Luc ga ju gbogbo wa lọ, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ju "good morning" àti "thank you" lọ. Faransé ló ń sọ. Nínú gbogbo àgọ́ náà, èmi nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀.

"Olè kò lè ṣe ògbufọ̀ lórí ẹjọ́ ara rẹ̀," Alága wí.

"Ẹ lọ mú ẹlòmíràn wá kó tó di aago méjì, sà," Insipẹ́kítọ̀ dáhùn. Alága kò rí ẹnì kankan mú wá.

"Bi í níbi tó wà ní aago mẹ́rin."

Mo bi í. "Ó ní òun ń padà wá mú bàtà bọ́ọ̀lù. Ó ní agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Òun gba ojú fèrèsé yìí kọjá, òun sì wo inú."

"Ta ló rí?"

Luc wò mí kó tó dáhùn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn. Mo lè yí ọ̀rọ̀ kan péré padà, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

"Ó ní òun rí Mètírọ́ọ̀nù," mo wí. "Ó ní kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wọn."

Alága pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó parí. Tájù, lọ bu epo sí ọkọ̀."

Tájù ni awakọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ó jáde lọ. Insipẹ́kítọ̀ kò mira. Ó ya ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó fún Luc ní pẹ́ńsùlù.

"Sọ fún un kó ya ohun tó rí fún mi. Gbogbo rẹ̀. Kó má fi nǹkan kan kún un."

Luc mọ àwòrán yà. Ó ya férémù fèrèsé, ó ya orí tábìlì, ó ya Mètírọ́ọ̀nù láti àyà sókè. Nínú àwòrán náà, ẹnu Mètírọ́ọ̀nù là sílẹ̀. Ó ya apá rẹ̀ ọ̀tún tó nà síwájú kọjá etí tábìlì, ìka kan sì tọ́ka sísàlẹ̀.

Insipẹ́kítọ̀ wo bébà náà pẹ́.

"Bi í, kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi là?"

"Ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀."

"Bá ta ni?"

"Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní òun rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà."

"Ìka ńkọ́?"

"Ó ní ilẹ̀ ni wọ́n ń nà án sí."

"Mò ń ka orúkọ àwọn ìdílé sókè ni," Mètírọ́ọ̀nù wí.

"Ẹ ń kà á sí ilẹ̀ létí?"

"Insipẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé tó ń ya àwòrán lẹ wá gbọ́ níbí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é ní ẹlẹ́rìí, mà."

*

Ó jáde, ó lọ dúró sójú fèrèsé náà láti ìta. Orí rẹ̀ kò dé e. Ó fi ẹsẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù kan wá, ó gùn ún, ó wo inú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Ó wá pè mí.

"Báwo lo ṣe kí i lánàá?"

"Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ń bi. Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Mo kúnlẹ̀."

"Ìgbà wo lo dìde?"

"Nígbà tí wọ́n ní kí n dìde."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó pẹ́, mà. Agogo kejì, ti ìbẹ̀rẹ̀ eré, lù nígbà tí mo ṣì wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín agogo méjèèjì. Wọ́n ní kí n wà níbẹ̀ títí n óò fi mọ̀ pé Nàìjíríà kì í ṣe ilé bàbá mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ ìyẹn fún mi láàárọ̀?"

"Mo sọ fún yín pé mo kí wọn, mà. Ta ló ń kí àgbà lóòró?"

"Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Èmi náà gbọ́ pé o kí i, mi ò sì ronú kàn án, nítorí pé bí èmi náà ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Luc kò ronú kàn án, nítorí pé wọn kì í ṣe é nílùú wọn. Láti ojú fèrèsé yìí, orí tábìlì lèèyàn ń rí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kò sí láyé. Ọmọ yẹn kò purọ́. Ìwọ náà kò purọ́. Ẹni tó kù ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti aago mẹ́rin."

Mo fẹ́ dúpẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo gbé Àbíjàn fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí Luc sọ ni mo gbọ́. Ká ní o yí ọ̀rọ̀ kan padà, èmi fúnra mi ni ì bá tì ọ́ sínú ọkọ̀ yẹn." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúnkún kò ní mú ìwé ìrìnnà jáde. O fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo abẹ́ tábìlì rẹ̀. Kí lo rí?"

"Ẹsẹ̀ wọn, mà. Àti rọ́bà pẹ́ńtì funfun kan. Gààrí kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Gèlè búlúù kan tí iná jó létí wà lórí rẹ̀, kò bò ó tán. Wọ́n ti bọ́ bàtà ọ̀tún, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti rọ́bà náà sẹ́yìn kí n má baà rí i."

"Kí lo rò nípa rẹ̀?"

"Mo rò pé ilé ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi."

Ó ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn. "Àwọn ọlọ́pàá tú ọ́fíìsì yẹn ní aago mẹ́jọ alẹ́ àná. Wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: tábìlì kan, àga mẹ́ta, àpótí aṣọ kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò sí gààrí."

Ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí Tájù ti ń bu epo. Mo rí i tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ le ju ti àárọ̀ lọ.

"Lọ di ẹrù rẹ," ó wí. "Aago méjì lọkọ̀ ń lọ."

"Mà?"

"Mo ní lọ di ẹrù rẹ. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa rí ọ kó dà bíi pé mo ti bá ọ sọ nǹkan kan."

*

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbé àpò mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Pijó náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ọmọbìnrin kan tó ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún òru márùn-ún yíjú sí ògiri. Mètírọ́ọ̀nù dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ láyà.

"Máa kí wọn ní Kútọnu," ó wí.

Tájù ṣí búùtù. Rọ́bà pẹ́ńtì funfun wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi okùn di gèlè búlúù náà mọ́ ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Ta ló ni ẹrù yìí?" Insipẹ́kítọ̀ bèèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ti Màmá ni," Tájù wí. "Gààrí ni. Kí n já a fún àbúrò wọn n'Íkẹjà kí n tó kọjá sí Sẹ̀mẹ̀." Ó wo Mètírọ́ọ̀nù, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní tí wọ́n bá dá wa dúró lójú ọ̀nà, kí n ní ti ọmọ yìí ni."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ní gààrí yìí, mà?" Insipẹ́kítọ̀ tún bèèrè.

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e wá fún mi láti ọjà Kuje. Gààrí náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Kò wà ní ọ́fíìsì yín lánàá?"

"Kí ni màá fi gààrí ṣe ní ọ́fíìsì? Àárọ̀ yìí ló dé, Tájù sì gbé e sínú búùtù, ó tì í pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Tájù wí. "Aago mẹ́jọ ni mo tì í. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi títí di ìsinsìnyí."

Insipẹ́kítọ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó nà án sí Alága. "Ẹ bá mi ka ohun tí mo kọ síbí ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, sà. Ẹnu ọmọ yìí ni mo ti gbọ́ ọ."

Alága kà á. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Rọ́bà pẹ́ńtì funfun. Gèlè búlúù. Iná jó o létí."

Gbogbo wa wo gèlè náà. Etí rẹ̀ kan ti gbẹ, ó dúdú.

"Láti aago mẹ́jọ alẹ́ àná, yàrá ìkẹ́rùsí lọmọ yìí wà, ẹ̀yin lẹ tì í mọ́bẹ̀, títí mo fi dé. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Níbo ló ti rí gèlè tó wọlé láàárọ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé ó yọjú wo ọ́fíìsì mi lánàá," Mètírọ́ọ̀nù wí kíákíá. "Láti fèrèsé."

"Nígbà náà, kì í ṣe àárọ̀ yìí ló dé mọ́, àná ló ti wà níbẹ̀." Insipẹ́kítọ̀ tọ́ka sí fèrèsé ọ́fíìsì. "Mo sì ti gun búlọ́ọ̀kù wò ó, mà. Láti fèrèsé, ènìyàn kì í rí abẹ́ tábìlì. Ibì kan ṣoṣo lèèyàn ti lè rí i: níwájú yín, nílẹ̀, lórí orúnkún. Níbi tí ẹ fi í sí, tí ẹ kò jẹ́ kó dìde. Tájù, dà á sílẹ̀."

Tájù tẹ́ tapólì, ó tú okùn. Gààrí ń ya jáde, funfun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dé ìdajì, kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Alága bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú mí. Nígbà tó kù bí ọwọ́ mẹ́ta, àpò ọ̀rá dúdú kan jábọ́. Insipẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ sórí tapólì, ó tú u, ó sì ń to àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni.

"Ọmọ Kútọnu lẹ gbà gbọ́ jù mí lọ?" Mètírọ́ọ̀nù wí.

"Mi ò gba ẹnì kankan gbọ́, mà. Gààrí ni mo gbà gbọ́. Ẹ máa bọ̀ nínú ọkọ̀ wa."

Ẹni tó fẹ́ ra àwọn ìwé náà ní Èkó, a kò tíì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ṣì kù fún Insipẹ́kítọ̀ láti wá.

*

Alága pè mí wọ ọ́fíìsì. Insipẹ́kítọ̀ wọlé tẹ̀lé wa, ó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń nu gààrí kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"O lè dúró," Alága wí. "Ká gbàgbé ọ̀rọ̀ náà."

"Lẹ́tà yín ti lọ, sà."

"Màá kọ òmíràn."

"Ìgbà wo, sà?"

"Tí a bá parí àgọ́."

"Ọkọ̀ Tájù ti kún fún epo, sà. Tó bá kúrò báyìí, á dé Sẹ̀mẹ̀ lọ́la. Àwọn awakọ̀ Kétu máa ń wà níbẹ̀ láràárọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ á gba ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà tuntun lè ṣáájú ti àkọ́kọ́ débẹ̀."

Ó wo Insipẹ́kítọ̀. Insipẹ́kítọ̀ ń wo aṣọ rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ Faransé," Alága wí.

"Èmi gbọ́ ọ, sà. Màá kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i."

Mo kọ ọ́ lórí bébà ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n kà á sí òun létí ní Yorùbá. Mo kà á: pé wọ́n ti rí ìwé ìrìnnà mọ́kànlá, pé òṣìṣẹ́ àgọ́ ló jí wọn, pé Ìbídùnní kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé Alága fi ẹ̀sùn kàn án láìbi í léèrè, ó tú àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un sùn sínú yàrá tí òjò ń jò.

"Yọ èyí tó kẹ́yìn yẹn kúrò," ó wí.

"Irọ́ ni, sà?"

"Kì í ṣe irọ́. Kò wúlò ni."

"Ó wúlò fún mi, sà. Tí wọn ò bá mọ bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n pè lólè, wọ́n á rò pé ìdí kan wà."

Ó gbé bírò, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀gá mi ní kí n kọ ìròyìn nípa bí ẹ ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ níbí," Insipẹ́kítọ̀ wí, kò gbójú sókè. "Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí kí n mọ ohun tí lẹ́tà yẹn bá sọ, kí ọ̀rọ̀ wa má baà takora."

Alága fọwọ́ sí i. Mo ní kó lu òǹtẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Tájù gbé ọkọ̀ kúrò. Mo dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń gba inú ẹrẹ̀ pupa yẹn lọ sójú títì. Lẹ́tà náà nìkan ni èrò inú rẹ̀.